Ẹwà Àgbàwọ̀: Àyẹ̀wò Fíìmù Twilight

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Òwe yìí ni ó yẹ kí ènìyàn fi ṣe òṣùwọ̀n nígbà tí ó bá jókòó láti wo Twilight, fíìmù ìfẹ́ àti ẹ̀rù tí Catherine Hardwicke darí ní ọdún 2008. Inú ìwé ìtàn-àròsọ tí Stephenie Meyer tẹ̀ jáde ní ọdún 2005 ni wọ́n ti fa ìtàn rẹ̀ yọ, fíìmù mẹ́rin mìíràn sì tẹ̀lé e títí di ọdún 2012. Ọdún ti gorí ọdún, síbẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì bí nígbà tí ó jáde ṣì ń wò ó. Nítorí náà, kò tíì pẹ́ jù láti bi í ní ìbéèrè.

Ìtàn náà kò díjú. Bella Swan, ọmọbìnrin ọdún 17, kó lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ tí ó jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá ní Forks, ìlú kékeré tí òjò kì í fẹ́ dá níbẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ti pàdé Edward Cullen, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó rẹwà ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí ara rẹ̀ sì tutù bí omi àmù. Fámpáyà ni Edward: òkú tí ó dìde, tí ẹ̀jẹ̀ sì jẹ́ oúnjẹ rẹ̀. Ọdún 1901 ni wọ́n bí i. Àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 ni ó ń pa á lọ kí dókítà kan tí òun náà jẹ́ fámpáyà tó sọ ọ́ di ohun tí ó dà. Agbo ilé dókítà yìí ti kọ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sílẹ̀. Ti ẹranko ni wọ́n ń mu. Ṣùgbọ́n òórùn ẹ̀jẹ̀ Bella ń fa Edward ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ẹni tí ó fẹ́ràn jù lọ gan-an ni ó ń wù ú láti pa.

Ẹni tí ó kàn fẹ́ fi nǹkan bí wákàtí méjì najú kò ní kábàámọ̀. Igbó dúdú àti kùrukùru inú fíìmù náà mú àwọ̀ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò aró ní Ìtòkú. Ìran kan wà nínú yàrá sáyẹ́ǹsì tí fáànù ti fẹ́ òórùn Bella dé ọ̀dọ̀ Edward, tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì yára fi ọwọ́ bo imú. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ara òǹwòran yóò bù ú. Àléébù rẹ̀ náà kò fara sin. Ọ̀tá inú ìtàn pẹ́ kí ó tó dé, ọ̀rọ̀ àwọn olólùfẹ́ méjèèjì a sì máa fà gùn. Nígbà tí Edward bá pọn Bella sẹ́yìn tí ó ń sáré gun òkè, ojú kò gbà á gbọ́.

Àléébù tí ó ju gbogbo wọn lọ wà nínú ohun tí fíìmù náà ń pè ní ìfẹ́. Edward a máa wọ yàrá Bella lóru láìgba àṣẹ, yóò máa wò ó bí ó ti ń sùn. Fíìmù náà kò rí ohun tí ó burú nínú èyí. Ẹ̀rí ìfẹ́ ni ó fi ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹwà rẹ̀ kò ná an ní kọ́bọ̀. Láti orí Nosferatu ti ọdún 1922 ni oòrùn ti ń pa fámpáyà nínú ọ̀pọ̀ fíìmù. Nígbà tí oòrùn ta sí Edward lára, dídán ni ó ń dán bí òkúta iyebíye.

Ní Abẹ́òkúta, irú arẹwà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àlejò. Amos Tutuola, ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n bí sí ìlú náà ní ọdún 1920, ti ya àwòrán rẹ̀ sínú The Palm-Wine Drinkard, ìwé tí ilé-iṣẹ́ Faber and Faber tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1952. Inú àlọ́ tí àwọn àgbà ń pa fún ọmọ ni ó ti bu omi rẹ̀ mu. Ọmọbìnrin kan kọ gbogbo ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ fi hàn án. Ní ọjọ́ ọjà, ó rí ọkùnrin kan tí kò ní àbùkù kankan lára, ó sì tẹ̀ lé e. Ọkùnrin náà ní kí ó padà, kò gbọ́. Nígbà tí wọ́n wọ inú igbó, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá ohun tí ó yá padà fún àwọn tí ó ni wọ́n: ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún, ikùn, àyà, apá, ọrùn. Owó ni ó sì ń san fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìkẹyìn, agbárí lásán ni ó kù.

Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé Tutuola kò dá ọmọbìnrin náà lẹ́bi. Ọ̀mu tí ó ń sọ ìtàn rí ọkùnrin náà lọ́jà, ó sunkún pé Ọlọ́run kò dá òun bẹ́ẹ̀. Ó ní bí òun bá jẹ́ obìnrin, òun náà ìbá tẹ̀ lé e. Ó tilẹ̀ ní àwọn tí ń ju bọ́ǹbù láti òfuurufú kò ní í jù ú sí ìlú tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà. Ẹni tí ó ṣe alágbẹ̀dẹ fún ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni ó kọ èyí. Ó mọ ohun tí bọ́ǹbù jẹ́. Tutuola gbà pé ẹwà ní agbára. Lẹ́yìn náà ni ó wá ka iye owó rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé àlọ́ náà kò ju pàṣán tí wọ́n fi ń mú ọmọbìnrin tẹrí ba fún bàbá rẹ̀. Òótọ́ ni pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń pa á. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ wà nínú ìtàn méjèèjì, nítorí Edward náà sọ fún Bella pé kí ó ṣọ́ra fún òun. Nínú ìwé Tutuola, ìkìlọ̀ ṣẹ. Nínú fíìmù, ìkìlọ̀ kàn ń mú ìfẹ́ dùn sí i ni. Èrò Yorùbá nípa àkúdàáyà náà kò gba gbẹ̀fẹ́: òkú lè lọ fẹ́ aya ní ìlú mìíràn, ó lè bímọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá rí i ni yóò di àwátì, tí aya yóò sì kù sí ilé pẹ̀lú omijé.

Fíìmù Yorùbá náà ti sọ̀rọ̀ lórí èyí. Túndé Kèlání, ẹni tí ó dàgbà ní Abẹ́òkúta, gbé Thunderbolt: Mágùn jáde ní ọdún 2001 láti inú ìtàn Adébáyọ̀ Fálétí. Níbẹ̀, ọkọ tí ìfura ń jẹ lọ́kàn fi ikú sára aya rẹ̀. Kèlání kò pe ìṣọ́ni bẹ́ẹ̀ ní ìfẹ́; orúkọ rẹ̀ gan-an, owú, ni ó pè é.

Olùkọ́ tí ó bá fòfin de Twilight kò ṣe akẹ́kọ̀ọ́ lóore, nítorí wọn yóò wò ó lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó fi í sí ẹ̀gbẹ́ ìtàn Tutuola, kí ó sì ní kí wọ́n dáhùn ìbéèrè mẹ́ta nípa arẹwà kọ̀ọ̀kan: Ọwọ́ ta ni ó ti yá a? Èló ni owó rẹ̀? Ta ni yóò san án? Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó bá mọ̀ ọ́n bi yóò rí i lò lọ́jọ́ tí àjèjì tí ó múra dáadáa bá dá ọkọ̀ dúró níwájú rẹ̀ ní Kútọ̀ tàbí Láfẹ́nwá, tí ó ní kí ó wọlé. Ó lè jẹ́ ènìyàn rere. Ó sì lè jẹ́ pé inú igbó ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹsẹ̀ padà.