Okùn Méjì, Ọ̀nà Kan: Ohun tí Ìjákulẹ̀ Íntánẹ́ẹ̀tì Ọdún 2024 Fi Han Àwọn Ará Kòsọ́fẹ́

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin já nínú òkun Àtìláńtíìkì, ní ọ̀kánkán etíkun orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 ni orúkọ wọn. Ilé-iṣẹ́ MainOne ṣàlàyé pé ibi tí okùn tiwọn ti já jìn tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́ta sí ìsàlẹ̀ omi, nítorí náà kò lè jẹ́ ìdákọ̀ró ọkọ̀ tàbí àwọ̀n apẹja ni ó fà á; wọ́n fura pé ilẹ̀ abẹ́ òkun ni ó mì. Ní Nàìjíríà, iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ìfowópamọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, àjọ NCC tí ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ kéde pé nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 ti padà bọ̀ sípò. Kì í ṣe pé wọ́n ti tún àwọn okùn náà so ní ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ilé-iṣẹ́ darí ẹrù wọn gba ọ̀nà mìíràn ni.

Ọ̀nà mìíràn yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí. Àwọn bàbá wa ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó bá fetí sí òwe náà yóò san owó fún ilé-iṣẹ́ méjì, kí èkejì lè gbà á bí èkíní bá kùnà. Ìmọ̀ràn náà dára. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè ní risíìtì méjì lọ́wọ́ àti wáyà méjì lára ògiri, síbẹ̀ kí ó jẹ́ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ní. Bí ilé-iṣẹ́ méjèèjì bá ń gba inú okùn kan náà lọ sí òkè òkun, owó kejì tí a ń san kò ra nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ilé. Ní ọjà Mile 12, ọkọ̀ akẹ́rù ń kó tòmátì, ata àti àlùbọ́sà dé láti Òkè Ọya. Láti ìgbà tí owó náírà ti ṣọ̀wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi fóònù àti POS rọ́pò owó ọwọ́. Oníṣòwò láti Kétu tàbí Ìkòsì yóò fi owó ránṣẹ́, ẹni tí ó ni apẹ̀rẹ̀ yóò sì dúró títí àlááàtì yóò fi wọlé kí ó tó tú ọjà sílẹ̀. Bí owó bá há sójú ọ̀nà, ẹni méjèèjì a máa wo ara wọn bí ẹni tí kò gba ara wọn gbọ́. Tòmátì kò mọ nǹkan kan nípa okùn abẹ́ òkun. Oòrùn ni ó mọ̀. Bí ọ̀sán bá pọ́n, iye tí a ń tà á kì í ṣe iye àárọ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn olóye nínú àwọn oní-POS fi ń ní ẹ̀rọ méjì tàbí mẹ́ta, ti ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń fi owó ńlá ṣe ni àwọn wọ̀nyí ń fi ọwọ́ ṣe lábẹ́ agboòrùn.

Gbogbo wa ni a mọ irú ètò yìí láti ara iná mànàmáná. Bí wọ́n bá mú iná lọ, a ó tan jẹnẹrétọ̀, a ó sì yí changeover. Ti íntánẹ́ẹ̀tì náà ní changeover, ráútà sì ni ó ń yí i fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú òkùnkùn, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé iná ti lọ. Ráútà kì í tètè mọ̀.

Láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, BGP ni èdè tí àwọn ráútà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ó sì ti wà láti ọdún 1989. Ráútà kan a máa polongo fún aládùúgbò rẹ̀ pé, “Bí ẹ bá ń wá àdírẹ́sì báyìí-báyìí, ọ̀dọ̀ mi ni kí ẹ gbà.” Ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ kí a lè gba ọ̀nà méjì dé ọ̀dọ̀ òun yóò gba nọ́ńbà tirẹ̀ àti àdírẹ́sì tirẹ̀, èyí tí àjọ AFRINIC tí ó wà ní Mauritius ń pín fún Áfíríkà. Àdírẹ́sì àtijọ́ wọ̀nyí kò gbọdọ̀ dín ní 256, nítorí ọ̀pọ̀ ráútà ayé kì í gba èyí tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò wá polongo àwọn àdírẹ́sì kan náà lọ́dọ̀ olùpèsè méjèèjì. Bí ọ̀kan bá kú, ìpolongo èkejì ṣì wà níta.

Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, àwọn aládùúgbò méjì yìí ń kí ara wọn ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ó sì lè di ìṣẹ́jú mẹ́ta láìsí ìkíni kí ọ̀kan tó gbà pé èkejì ti kú. A lè dín àkókò náà kù, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí ẹnìkan bá dín in. Èyí tí ó burú jù ni pé olùpèsè lè wà láàyè ní Ìkòsì, kí ó sì ti kú ní òkun. Bí ohun tí ó ń sọ fún ráútà wa kò bá ju “ẹ kó gbogbo rẹ̀ fún mi” lọ, yóò máa sọ bẹ́ẹ̀ nìṣó nígbà tí okùn rẹ̀ ti já, ráútà wa yóò sì máa kó ẹrù jù sínú ihò. Nítorí náà ni ó ṣe dára kí a gba àkójọ àwọn ọ̀nà gan-an lọ́wọ́ rẹ̀, kí ọ̀nà tí ó ti bàjẹ́ lè kúrò nínú àkójọ náà.

Ọ̀nà méjì sì ní ewu tirẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà láàárín títì méjì kò gbọdọ̀ sọ pálọ̀ rẹ̀ di ọ̀nà fún ọkọ̀ akẹ́rù. Ní ọjọ́ 12, oṣù kọkànlá, ọdún 2018, MainOne ṣe àṣìṣe nínú ètò BGP rẹ̀ nígbà tí ó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Èkó. Ọ̀nà tí ó lọ sí ọ̀dọ̀ Google jò dé ọ̀dọ̀ China Telecom, ẹrù Google láti ibi púpọ̀ sì gba Ṣáínà àti Rọ́ṣíà kọjá fún ìṣẹ́jú 74 kí wọ́n tó ṣe àtúnṣe. Ilé-iṣẹ́ náà gbà pé àṣìṣe àwọn ni. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ó ní okùn nínú òkun, kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so ráútà méjì pọ̀ rọra.

Ilé-ìwé, ilé ìwòsàn kékeré, ọ́fíìsì ìjọ tàbí ilé ìtajà ní Kétu kò nílò gbogbo èyí. Ráútà tí ó ní ojú ìwọlé méjì tó fún wọn. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ó máa yẹ ẹnu ọ̀nà olùpèsè nìkan wò. Kí ó máa kan ilẹ̀kùn méjì tí ó jìnnà, ọ̀kan nílé, ọ̀kan lókè òkun. Kí wọ́n sì mọ̀ pé bí ó bá yí sí ọ̀nà kejì, àdírẹ́sì tí ayé fi mọ̀ wọ́n yóò yí padà, ojú ewé ilé ìfowópamọ́ tí wọ́n ṣí sílẹ̀ sì lè lé wọn jáde.

Nínú ìwádìí bóyá ọ̀nà méjèèjì yàtọ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ kì í tó ẹ̀rí. Síìmù ilé-iṣẹ́ méjì lè dúró lórí òpó kan ṣoṣo, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù wa ń háyà òpó lọ́wọ́ àwọn olókòwò òpó. Bí dísẹ́ẹ̀lì bá tán níbẹ̀, méjèèjì ni yóò dákẹ́. Wáyà méjì lè wà nínú kòtò kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Ìkòròdú, níbi tí katakata kan ṣoṣo ti lè já wọn. Ní òkun ńkọ́? Ní oṣù keje ọdún 2009, tí SAT-3 bàjẹ́ ní apá Benin, wọ́n ròyìn pé nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 agbára íntánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà ni ó lọ. Lẹ́yìn náà ni MainOne dé ní 2010, tí àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e, títí dé Equiano ti Google ní 2022. Equiano àti Glo-1 kò já ní 2024. Ẹni tí olùpèsè rẹ̀ ní àyè nínú ọ̀kan nínú wọn rí ọ̀nà gbà.

Ní tiwa, ìjọba ti ṣe ohun tí ó tọ́ nígbà tí ó fi àṣẹ ọdún 2024 sọ àwọn okùn àti òpó wọ̀nyí di ohun ìní pàtàkì tí a gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Ṣùgbọ́n àṣẹ kò lè dá ilẹ̀ abẹ́ òkun dúró. Ohun tí a óò fẹ́ kí NCC fi kún un ni kí olùpèsè kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn oníbàárà, ní èdè tí kò ṣòro, okùn wo ni ó ń gbà kọjá òkun àti èwo ni yóò yà sí bí ó bá já. Títí di ìgbà náà, oníbàárà lè fi lẹ́tà béèrè kí ó tó fọwọ́ síwèé pẹ̀lú olùpèsè kejì. Kí ó sì máa fa wáyà èkíní yọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní wákàtí tí iṣẹ́ kò pọ̀, kí ó fi aago ka iye ìṣẹ́jú tí èkejì fi gbà á, kí ó fi owó kékeré ránṣẹ́ lórí rẹ̀, kí ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ pẹ̀lú déètì.