Nígbà tí iṣẹ́ bá sú òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé yunifásítì: kí ló fà á, kí sì ni ọ̀nà àbáyọ?

Ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá tó ń tajà ní ọjà Arzèkè ló ní ọmọ tàbí ọmọ ẹbí ní Yunifásítì Parakou. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi èrè ọjà rán ọmọ lọ síwájú. Ṣùgbọ́n ìwé kíkà kò mọ sí ọ̀dọ̀ olùkọ́ nìkan. Bí ọmọ bá dé ilé ìkàwé, tó rí i pé ẹni tó yẹ kó bá òun wá ìwé ti rẹ̀ tẹnutẹnu, owó tí òbí ná kò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ìdí nìyí tí a fi ní kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Kí ni àárẹ̀ yìí gan-an?

Herbert Freudenberger, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ló kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 1974. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣàlàyé pé kì í ṣe àìsàn, pé inú iṣẹ́ ló ti ń wá, nígbà tí wàhálà ibi iṣẹ́ bá pẹ́ tí kò sì rí ìtọ́jú. Àmì rẹ̀ mẹ́ta ni: okun inú á tán, ọkàn òṣìṣẹ́ á kúrò lára iṣẹ́ náà, á sì máa rò pé ohun tí òun ń ṣe kò já mọ́ nǹkan kan.

Èyí yàtọ̀ sí ọ̀lẹ. Ọ̀lẹ kò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá. Ẹni tí a ń sọ yìí ti ṣe é kọjá agbára rẹ̀.

Kí ló ń fà á?

Àkọ́kọ́, ojú kì í rí iṣẹ́ náà. Àwọn èèyàn rò pé ó kàn jókòó ṣọ́ ìwé ni. Ṣùgbọ́n òun ló ń fún ìwé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, tó ń tọ́jú iṣẹ́ ìwádìí àwọn tó ti jáde, tó ń lé ìwé tí wọn kò dá padà, tó sì ń kọ́ ọmọ bí a ṣe ń wá ìmọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà mú iṣẹ́ tuntun dé, iṣẹ́ àtijọ́ kò sì lọ.

Ìkejì, ẹrù méjì ló wà lórí ọ̀pọ̀ wọn. Ní Nàìjíríà, wọ́n ka àwọn olórí iṣẹ́ ìkàwé ní yunifásítì mọ́ olùkọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde kí wọ́n tó gba ìgbéga, síbẹ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń dúró dè wọ́n nídìí tábìlì.

Ìkẹta ni owó àti ìyanṣẹ́lódì. Ìyanṣẹ́lódì ASUU bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022, ó sì parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ìjọba kò sanwó oṣù fún àkókò náà. Oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni Ààrẹ Bola Tinubu ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n san ti oṣù mẹ́rin. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ sì gbówó lórí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó iná fún àwọn tó wà ní ìpele àkọ́kọ́ fò láti náírà 68 dé 225.

Ní Benin níbí, Yunifásítì Parakou, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2001, wà lára mẹ́rin tó kù lẹ́yìn tí ìjọba dín yunifásítì ìjọba kù láti méje ní 2016. Òfin ọdún 2018 kò gbà kí ìyanṣẹ́lódì kọjá ọjọ́ mẹ́wàá lọ́dún. Níbi kan wọ́n pariwo títí, owó oṣù dúró. Níbòmíràn, ariwo ní òdiwọ̀n. Nínú méjèèjì, ìyanṣẹ́lódì nìkan kò lè gbé ẹrù kúrò lórí òṣìṣẹ́.

Ìkẹrin, ìyìn lè di ẹrù. Ní 2018, Fobazi Ettarh, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé bí a bá ń pe iṣẹ́ yìí ní iṣẹ́ mímọ́, ẹni tó ń ṣe é kò ní lè sọ pé ó wúwo jù. Àwa náà mọ̀ ọ́n: a ti sọ pé èrè olùkọ́ wà lọ́run títí, a gbàgbé pé ayé ló ti ń ra gaàrí.

Kí ni ọ̀nà àbáyọ?

Ìsinmi dára, ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí òṣìṣẹ́ bá sinmi ọ̀sẹ̀ méjì, tó padà bá ẹrù kan náà, àárẹ̀ á tún dé. Ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ ni àtúnṣe ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n gba èèyàn sí i, kí wọ́n máa pín ìdí tábìlì jókòó, kí wọ́n yọ iṣẹ́ kan nígbà tí wọ́n bá fi òmíràn kún un, kí owó oṣù sì máa wọlé lásìkò.

Ẹ̀yin òbí náà ní ipa. Ẹ sọ fún ọmọ kó dá ìwé padà lọ́jọ́ tó dá, kó sì kí ẹni tó bá a wá ìwé. Nígbà tí ẹ bá sì ń béèrè nípa iye olùkọ́ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́, ẹ béèrè iye èèyàn tó wà ní ilé ìkàwé pẹ̀lú. Ìwé pọ̀ lórí pẹpẹ, kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn wá bá ọmọ wa.