Láti Sango dé Ìdí-Ìrókò: Ẹ̀sìn kọ́ ló ń dí obìnrin lọ́nà òṣèlú

Bí ọ̀rọ̀ obìnrin àti òṣèlú bá ti jáde ní Ọ̀tà, yálà nínú bọ́ọ̀sì láti Òjú Ọrẹ sí Sango ni o, tàbí lórí WhatsApp àdúgbò, ìdáhùn kan wà tí kì í pẹ́ dé: "Ẹ̀sìn wa ò fàyè gbà á." Mùsùlùmí á sọ ọ́, Kristẹni náà á sọ ọ́. Tí wọ́n bá ti dárúkọ ẹ̀sìn báyìí, gbogbo èèyàn á panu mọ́.

Èmi ò ní panu mọ́. Tí ẹ bá wo àwọn orílẹ̀-èdè tí Mùsùlùmí pọ̀ sí jù, ẹ máa rí i pé òfin àti àwọn tó ń ṣe é ló ń sọ ibi tí obìnrin máa jókòó sí.

Ẹ wo Senegal. Nínú èèyàn 100 níbẹ̀, ó lé ní 90 tó jẹ́ Mùsùlùmí. Lọ́dún 2010, wọ́n ṣòfin pé orúkọ tí ẹgbẹ́ òṣèlú bá máa fi sílẹ̀ fún ìbò gbọ́dọ̀ tẹ̀ léra wọn ní ọkùnrin kan, obìnrin kan, títí dé ìsàlẹ̀ ìwé. Nígbà tí wọ́n dìbò ilé aṣòfin lọ́dún 2012, obìnrin 64 ló wọlé nínú 150. Mọ́sálásí kankan ò tìlẹ̀kùn nítorí ẹ̀, ààwẹ̀ ò sì yẹ̀. Pakistan náà ti fi Benazir Bhutto ṣe olórí ìjọba láti 1988. Amẹ́ríkà tó ń kọ́ gbogbo ayé ní ìjọba àwa-ara-wa ò tíì dìbò yan obìnrin kan ṣe ààrẹ rí.

Mi ò sọ pé gbogbo nǹkan ti dára tán ní Senegal o. Òfin ìdílé wọn ti 1972 ṣì sọ pé ọkọ ni olórí ilé. Nígbà ìbò ìbílẹ̀ 2014, orúkọ ọkùnrin nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ ní Touba, ìlú mímọ́ àwọn Mouride, wọ́n sì mú un jẹ. Òfin tí kò sẹ́ni tó ń mú un ṣẹ, bébà lásán ni. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti mú un ṣẹ, obìnrin wọlé.

Nílé wa níbí ńkọ́? Títí di 1976, obìnrin Òkè Ọya ò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Ẹ̀sìn àti àṣà náà ni wọ́n fi ń kẹ́wọ́. Lọ́dún yẹn, ìjọba ológun ṣòfin pé kí wọ́n dìbò, wọ́n sì jáde. Lónìí, ta ló tún jẹ́ sọ pé kí Alhaja tó wà ní Kano má dìbò? Àwọn olóṣèlú gan-an ló ń wá ìbò rẹ̀ lójú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká bọ̀ sí Ọ̀tà gan-an. Láti 2019, ọmọ Àwórì láti Ọ̀tà ni igbákejì gómìnà ìpínlẹ̀ Ògùn, Noimot Salako-Oyedele, onímọ̀ ẹ̀rọ. Yetunde Onanuga ló wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, láti 2015. Alhaja Salmot Badru náà ṣe é nígbà Gbenga Daniel. Tí ẹ bá sì kọjá sí Èkó tó bá wa pààlà, Idiat Adebule tó ṣe igbákejì gómìnà láti 2015 sí 2019 ti di sẹ́nétọ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Èkó láti 2023, tòun ti hijáàbù rẹ̀. Kí ló wá dé tí a ṣì ń pariwo ẹ̀sìn?

Wàhálà tó wà nínú ipò igbákejì yìí, inú ìwé òfin 1999 ló wà. Abala 187 ní olùdíje sípò gómìnà ló máa mú ẹni tí wọ́n jọ máa díje. Abala 193 ní ó wà lọ́wọ́ gómìnà láti fún un níṣẹ́ tó bá wù ú. Ìyẹn ni pé ẹni tó fún ẹ lágà náà ló ń pinnu bóyá wàá ríṣẹ́ ṣe lórí ẹ̀. Láti 1999 táa ti padà sí ìjọba alágbádá, kò tíì sí obìnrin kan tí wọ́n dìbò yàn ṣe gómìnà ní Nàìjíríà. Lọ́dún 2023, obìnrin mẹ́ta péré ni wọ́n kọ́kọ́ kéde pé ó wọ ilé aṣòfin àgbà nínú 109, kí ilé ẹjọ́ tó dá Natasha Akpoti-Uduaghan láre.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé àwa ará Ọ̀tà ju ẹlòmíràn lọ. Láti 1976 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, Yewa àti Àwórì ò tíì ṣe gómìnà rí. Gbogbo ìbò la fi ń sọ pé igbákejì ti sú wa, pé kí wọ́n fún wa ní tiwa. Tí ẹnì kan bá ní ká kàn díje bíi gbogbo ayé, inú á bí wa. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ohun tí à ń sọ fún obìnrin gan-an nìyẹn?

Ọ̀nà tó gba Sango kọjá lọ sí Ìdí-Ìrókò ló wọ Benin. Lọ́dún 2019, wọ́n tún ìwé òfin wọn ṣe, wọ́n ya àga 24 sọ́tọ̀ fún obìnrin nínú ilé aṣòfin, ọ̀kan fún ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan. Ìbò oṣù kìíní 2023 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é. Àwọn Yorùbá àti Ègùn tó wà níbẹ̀, ẹbí wa ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ní Abuja, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2022, àwọn aṣòfin wa da àbá márùn-ún tó kan obìnrin nù. Àga ọ̀tọ̀ fún obìnrin wà níbẹ̀.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ńlá ńlá ni. Abala 26 ìwé òfin wa fàyè gba ìyàwó ọmọ Nàìjíríà tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè kó forúkọ sílẹ̀ di ọmọ ilẹ̀ wa. Kò sọ ohunkóhun nípa ọkọ. Ọmọ Ọ̀tà lọ́kùnrin tó fẹ́ ọmọ Cotonou lè fi ìgbéyàwó sọ ọ́ di ọmọ Nàìjíríà. Àbúrò ẹ̀ obìnrin tó fẹ́ ọmọ Cotonou ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fọ́kọ ẹ̀. Àtúnṣe ìyẹn náà wà lára ohun tí wọ́n dà nù.

Ẹ tún wo obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ káńpìnnì níbí. Òfin òṣìṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 12 ni ìsinmi ìbímọ rẹ̀, ààbọ̀ owó oṣù sì ni ó kéré jù tí wọ́n gbọ́dọ̀ san fún un, tó bá ti lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń gba ọ̀sẹ̀ 16 pẹ̀lú owó pípé. Ṣé oyún méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé ni? Àwọn tó lè tún òfin yẹn ṣe, ọkùnrin tí kò bímọ rí ló kún ibẹ̀ bámúbámú.

Àwọn àgbà ní bí ọkùnrin rí ejò tí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà má ti lọ. Àbá àga ọ̀tọ̀ fún obìnrin ti tún padà sílé aṣòfin. Kí ìbò 2027 tó dé, àwọn tó ń ṣojú Adó-Odò/Ọ̀tà á wá bá wa ní Jójú àti Ìyànà-Ìyèsí pẹ̀lú ìrẹsì àti fílà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ní káàdì ìdìbò, ẹ gba ìrẹsì yín, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè: nígbà tí wọ́n ń dìbò lórí ọ̀rọ̀ obìnrin, apá ibo lẹ wà? Tó bá ní ẹ̀sìn ò gbà á, ẹ ní kó fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn yín.