Òkun Kọ́ Ló Jí Ilẹ̀ Wa

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ń bí mi nínú. Bí òkun bá wó ilé ní Kútọnù, àwọn ènìyàn a máa sọ pé: "Òkun burú. Òkun ti jẹ ilẹ̀." Àwọn kan a ní Ọlọ́kun ló ń bínú. Àwọn mìíràn a ní àmúwá Ọlọ́run ni, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Èmi sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Òkun kọ́ ni olè. Ẹni tó dí ọ̀nà mọ́ iyanrìn ni kí a bi léèrè.

Bí iyanrìn ṣe ń rìn

Etí òkun wa kì í ṣe ilẹ̀ tó dúró sójú kan. Iyanrìn ni, iyanrìn náà sì ń rìn. Ìgbì òkun kì í dojú kọ ilẹ̀ tààrà níbí. Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń gbà wá. Bí ó ti ń wá tó sì ń padà, bẹ́ẹ̀ ló ń ti iyanrìn díẹ̀díẹ̀ láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Odò Volta ní Gánà àti odò Mónò láàárín Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ ń gbé iyanrìn wá láti òkè. Òkun gbà á lọ́wọ́ wọn, ó ń gbé e kọjá níwájú Lómé, Àného, Gran-Popo, Wídà, Kútọnù àti Sẹ̀mẹ̀, títí dé Àgbádárìgì àti Èkó.

Ẹ rántí bí a ṣe ń mọ ilé alámọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ a tò, wọn a máa na amọ̀ síra wọn. Ẹni kan gbà, ó nà án sí ẹnì kejì, títí amọ̀ fi dé ọwọ́ ẹni tó ń mọ ògiri. Bí ẹnì kan láàárín bá gba amọ̀ tí kò nà án síwájú mọ́, tí ó ń kó o jọ sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ògiri kò ní ga. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni etí òkun wa rí. Ìlú kọ̀ọ̀kan ń gba iyanrìn lọ́wọ́ ìlú tó wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ ní gbèsè fún èyí tó wà ní ìlà-oòrùn.

Ta ló dá iyanrìn dúró?

Ní 1891, àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ afárá onírin wọ inú òkun ní Kútọnù, kí ọkọ̀ lè máa já ẹrù. Afárá náà dúró lórí ẹsẹ̀ irin. Iyanrìn ń gba àárín àwọn ẹsẹ̀ náà kọjá. Kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Láàárín 1959 sí 1965 ni wọ́n wá kọ́ èbúté ńlá. Wọ́n da òkúta sínú òkun, wọ́n fi ṣe ògiri gígùn kí ọkọ̀ lè rí ibi tútù sinmi sí. Iyanrìn tó ti ìwọ̀-oòrùn wá kan ògiri náà, ó dúró. Ilẹ̀ fẹ̀ sí i ní apá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ní apá kejì, ní ọ̀nà Akpakpa, ìgbì ń kó iyanrìn lọ bí ó ti ń kó o tẹ́lẹ̀, òmíràn kò sì wá rọ́pò rẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà ilẹ̀ ló ti wọ omi lọ láti ìgbà náà. Ilé wà nínú rẹ̀, ọ̀nà wà nínú rẹ̀, igi àgbọn wà nínú rẹ̀.

Kì í ṣe Kútọnù nìkan. Èbúté Lómé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1968, òkun sì jẹ ilẹ̀ ní ìlà-oòrùn rẹ̀, títí tí ọ̀nà ọkọ̀ tó lọ sí Àného fi ní láti sún sẹ́yìn. Ní Èkó, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ògiri òkúta sí ẹnu ọ̀sà láàárín 1908 sí 1912. Etí òkun Fikitóríà tó wà lẹ́yìn ògiri náà ti ń jìyà rẹ̀ láti ìgbà yẹn. Ẹ fi ti àwọn odò kún un. Wọ́n sé odò Volta ní Akosombo ní 1965. Wọ́n sé odò Mónò ní Nangbéto ní 1987. Iná mànàmáná ni wọ́n ń wá, a sì ń tan iná náà. Ṣùgbọ́n iyanrìn jókòó sẹ́yìn ìsédò, kò dé òkun mọ́.

Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ọlọ́kun kò bínú. Ẹ̀yìn tí a kọ sí aládùúgbò wa ni.

Ẹni tó jẹ èrè ni kó san gbèsè

Ẹnì kan lè sọ pé: "Olùkọ́, ṣé o fẹ́ kí a wó èbúté ni?" Rárá o. Ìrẹsì tí a ń jẹ ní Ṣábẹ̀ẹ́, aṣọ tí ẹ wọ̀, púpọ̀ nínú wọn gba èbúté Kútọnù wọlé. Gbogbo wa ló ń jẹ èrè rẹ̀. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí kò tíì fi ojú kan òkun rí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó jẹ èrè ni kó san gbèsè. Kí ló dé tí gbogbo orílẹ̀-èdè fi jẹ èrè èbúté, tí ó jẹ́ àwọn tó ń gbé ìlà-oòrùn rẹ̀ nìkan ló ń fi ilé wọn san gbèsè?

Lẹ́yìn 2010, wọ́n da àwọn ògiri òkúta kéékèèké sí ìlà-oòrùn Kútọnù. Ilẹ̀ simi díẹ̀ níbẹ̀, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ògiri ìkẹyìn parí sí, ibẹ̀ ni òkun tún ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ilẹ̀. Ògiri tí mo fi gba ilé mi là ni ihò tí mo gbẹ́ fún aládùúgbò mi. A ó kọ́ ògiri, kọ́ ògiri, títí a ó fi dé Èkó, ìlú tó kẹ́yìn ni yóò sì ru ẹrù gbogbo wa.

Àwọn kan tún ń di ẹ̀bi ru àwọn obìnrin tó ń fi agbọ́n gbọ́n iyanrìn tà létí òkun. Lóòótọ́, kíkó iyanrìn òkun ń ba ilẹ̀ jẹ́, ìjọba sì ti fòfin dè é. Kí a pa òfin náà mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi agbọ́n obìnrin kan wé ògiri èbúté. Ẹni tó ń mú ọmọ tó jí ẹ̀pà, tí kò bi ẹni tó kó gbogbo àká lọ léèrè, kì í ṣe adájọ́.

Ohun àtijọ́ náà dà bí iyanrìn

Mo ti sọ̀rọ̀ iyanrìn. Nǹkan mìíràn wà tó ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ létí òkun wa: ìrántí. Àwọn bàbá wa gbà á, wọ́n nà án sí wa. Bí a bá dá a dúró, àwọn ọmọ wa kò ní rí nǹkan gbà.

Orúkọ Kútọnù fúnra rẹ̀, ní èdè Fọ̀n, ẹnu ọ̀sà ikú ló túmọ̀ sí. Ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ibẹ̀ ní ewu. Apẹja àtijọ́ kì í mọ ilé bíríkì sí ibi tí ìgbì lè dé. Imọ̀ ọ̀pẹ àti igi ló fi ń pàgọ́. Bí òkun bá súnmọ́, a tú àgọ́, a sún sẹ́yìn. Lónìí, a pe ti apẹja ní ẹ̀gbin, a sì pe ilé ìtura onísìmẹ́ńtì tó kọjú sí ìgbì ní ìdàgbàsókè. Láti 2021, wọ́n ti wó àdúgbò apẹja létí òkun Kútọnù láti fi ilẹ̀ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tuntun. Ní 2022, wọ́n ṣí ère obìnrin jagunjagun kan ní ìlú kan náà, ó ga tó 30 mítà. Ère náà dára, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n ère kì í sọ ibi tí òkun dé ní ọdún tí ìgbì ru. Apẹja àgbà ló lè sọ ọ́, òun ni a sì lé lọ sí ibi tí kò ti lè gbọ́ ìró omi.

Ẹ wo Àjàṣẹ́ náà, létí ọ̀sà. Àwọn Àgùdà tó ti Bàhíà ní Brasil padà wá kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alárà síbẹ̀. Mọ́sálásí ńlá ìlú náà jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà, nítorí ọwọ́ kan náà ló mọ̀ ọ́n kọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ilé náà, amọ̀ ni ògiri wọn. Bí òrùlé bá jò, tí ẹnikẹ́ni kò tún un ṣe, omi a wọ inú amọ̀, ògiri a wó. Páànù díẹ̀ ní àkókò tó yẹ ìbá gbà á là.

Ní Èkó, ilé Àgùdà kan wà ní ojúde Tinúubú, tí wọ́n ń pè ní Ilójò. Ìjọba kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ní 1956 pé ohun ìní gbogbo ìlú ni. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Ìwé wà, ẹni tó máa dúró ti ìwé kò sí.

Àwọn kan á ní: "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọba tí ilé rẹ̀ jó, orí ilẹ̀ rẹ̀ náà ló tún un kọ́ sí, àwọn ènìyàn rẹ̀ ló sì ń gbé inú rẹ̀. Kò lé ará ilé rẹ̀ síta kí ó tó kọ́ tuntun.

Ohun tí a ń bèèrè

1. Kí àwọn tó ń jẹ èrè èbúté máa gbé iyanrìn kọjá ògiri wọn sí ìlà-oòrùn. Ó ṣeé ṣe. Ní Durban, ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n ń fi ẹ̀rọ fa iyanrìn kọjá ẹnu èbúté wọn.

2. Kí òfin etí òkun tí Bẹ̀nẹ̀ ṣe ní 2018 mú olówó bí ó ti ń mú tálákà. Bí àgọ́ apẹja kò bá gbọ́dọ̀ súnmọ́ omi, kí ilé ìtura náà má súnmọ́ ọn.

3. Kí a má wó àdúgbò kan láìjẹ́ pé a bá àwọn tó ń gbé ibẹ̀ jókòó, kí a sì fún wọn ní ilẹ̀ tí ọkọ̀ wọn ti lè dé omi. A kì í pẹja nínú igbó.

4. Kí mérì ìlú ran onílé àtijọ́ lọ́wọ́ láti tún òrùlé ṣe kí ògiri tó wó.

Ta ni yóò bèèrè rẹ̀? Ẹ̀yin ni. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá mú ìwé wá, ìka ni a fi ń tẹ̀ ẹ́, a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Lónìí ẹ lè mú bírò. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ nǹkan sí etí omi yín, ẹ lọ sí mérì, ẹ ní kí wọ́n fi àwòrán ilẹ̀ hàn yín. Bí èdè Faransé bá wà nínú ìwé, ẹ má fọwọ́ sí i títí ẹni tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé yóò fi túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Ẹ jókòó ti àwọn àgbà, ẹ kọ orúkọ ojúde, orúkọ kànga àti ibi tí omi dé rí sínú ìwé yín. Ìwé tí ẹ bá kọ yóò ṣe ẹlẹ́rìí ní ọjọ́ tí ẹlẹ́nu kò bá sí mọ́.

Wọ́n na amọ̀ sí wa. Ẹ jẹ́ kí a nà án síwájú.