Ọ̀nà Tí Abẹ́rẹ́ Bá Gbà

Ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni okùn ń tọ̀. Àwọn aṣáájú ni wọ́n sábà máa ń pa òwe yìí fún, nítorí òwú kò lè gún aṣọ fúnra rẹ̀. Bí ojú rírán bá wọ́, kò sẹ́ni tí í bá òwú wí. Télọ̀ ló lẹ́jọ́.

Iṣẹ́ fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ kò mọ sórí aṣọ. Dókítà ń fi í rán ojú ọgbẹ́. Lọ́dún 1879, Thomas Edison sun fọ́nrán òwú di èédú, ó fi í sínú gílóòbù, ó sì tàn. Ṣùgbọ́n fọ́nrán tí òwe yìí bá mu jù lóde òní, dígí ni. Charles Kao ló ṣàlàyé lọ́dún 1966 pé bí dígí bá mọ́ tó, ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ rìn jìnnà. Iṣẹ́ yìí ló sọ ọ́ di ẹni tó gba Ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2009. Fọ́nrán náà kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju irun orí lọ. Oríṣi dígí méjì ló para pọ̀ dá a: ọ̀kan wà láàárín, èkejì yí i ká. Bí ìmọ́lẹ̀ bá fẹ́ yà bá ẹ̀gbẹ́ jáde, ibi tí méjèèjì ti pàdé ni yóò ti ta padà sáàárín. Ibi tí dígí bá yà sí, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń yà sí.

Ìmọ́lẹ̀ yìí ló ń gbé ọ̀rọ̀, àwòrán àti owó láti Yúróòpù wọ Èkó, nínú àwọn wáyà ńlá tí wọ́n tẹ́ sísàlẹ̀ òkun. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, mẹ́rin nínú àwọn wáyà náà já nítòsí Àbíjàn: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Ní Nàìjíríà, àwọn oníbàárà báǹkì kan fi owó ránṣẹ́ títí, kò lọ.

Wáyà mẹ́rin ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n etíkun kan náà ni wọ́n jọ gbà. SAT-3 ti wà níbẹ̀ kí MainOne tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2010. Ẹni tó bá ka wáyà mẹ́rin, tó wá rò pé ọ̀nà mẹ́rin lòun ní, ti ṣi ìṣirò, àṣìṣe náà kò sì kéré rárá. Àtúnṣe wáyà tó já kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan: ọkọ̀ òkun ní láti fa wáyà sókè láti ìsàlẹ̀ omi, kí òṣìṣẹ́ to ẹnu fọ́nrán kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹnu èkejì rẹ́gí, kí ó sì fi iná yọ́ wọn pọ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, wáyà mìíràn, Equiano, tó gúnlẹ̀ sí Èkó lọ́dún 2022, kò já, nítorí pé inú agbami tó jìnnà sí etíkun yẹn ni wọ́n tẹ́ ẹ gbà. Òun ló ń bá àwọn yòókù ru lára ẹrù wọn.