Ẹ Yé Bi Arúgbó Pé "Ta Ni Mí?"

Àlejò wọlé ní ọjọ́ Iléyá, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá arúgbó tó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí ó tó dìde tán, ẹni tó mú un wọlé ti ń béèrè lọ́wọ́ ìyá pé: "Màmá, ta nìyí? Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni?" Ìyá wo ojú àlejò, ó wo ojú ọmọ, kò rí orúkọ kankan mú. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn mi orí. Ìyá kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Irú ìdánwò yìí wọ́pọ̀ ní ilé Ẹ̀gbá, ó sì burú ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ.

Lóòótọ́, ìfẹ́ ló sábà máa ń fa ìbéèrè náà. Ọmọ fẹ́ mọ̀ bóyá òun ṣì wà lọ́kàn ìyá òun. Ṣùgbọ́n àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní dementia, tí Yorùbá ń pè ní ṣíṣarán kí ọ̀rọ̀ náà tó di èébú lẹ́nu àwọn ọmọ ìta, kì í ṣe orí kunkun, kì í sì í ṣe àjẹ́. Ọpọlọ ló ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni Alzheimer, tí wọ́n fi orúkọ dókítà ará Jámánì tó ṣàlàyé rẹ̀ ní 1906 pè. Àrùn rọpárọsẹ̀ náà sì lè fa irú mìíràn. Ọ̀rọ̀ àná ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọnù, ti ìgbà èwe a sì pẹ́ kí ó tó lọ. Ohun tó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀ ni pé ìrántí lè lọ kí ìmọ̀lára ṣẹ́kù. Ìyá lè gbàgbé ẹni tó fi òun ṣe ẹlẹ́yà kí ó tó di ọ̀sán, síbẹ̀ kí ìtìjú náà ṣì wà lára rẹ̀.

Kí ni àlejò ìbá ti ṣe? Kí ó sọ ara rẹ̀: "Ẹ kú ọdún o, Màmá. Ọmọ àbúrò yín tó wà ní Ìbarà ni mí, mo wá kí yín." Kí ó fi oríkì rẹ̀ kì í, Àlàkẹ́ tàbí Àbẹ̀ní, èyí tí wọ́n ti fi ń pè é láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé. Ìkúnlẹ̀ tí Yorùbá fi ń kí àgbà gan-an wúlò níbí, nítorí ó ń mú ojú ẹni tó ń kíni bá ojú ẹni tó jókòó dọ́gba. Kí wọ́n pa rédíò. Kí wọ́n sọ gbólóhùn kan, kí wọ́n sì dúró de èsì, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ẹni tó ń béèrè lẹ́ẹ̀kan náà bóyá láfún ni, àbí ìrẹsì, àbí dòdò, ń da ọkàn arúgbó rú ni. Kí ó gbé láfún àti ewédú wá síwájú rẹ̀, ojú á sọ èyí tó kù.

Ibi tó le jù ni àríyànjiyàn. Ẹ wo ìyá kan ní Ìtòkú, tó fi ogójì ọdún rẹ aṣọ láró. Ó jí ní ìdájí, ó ń wá elú. Ọmọ ní: "Irọ́ ni! Ọdún mélòó lẹ ti fi iṣẹ́ aró sílẹ̀?" Ìjà dé. Bí ọmọ bá bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé aró ti dára, ìyá lè sọ ọ́ débi pé ilẹ̀ á mọ́ bá wọn níbẹ̀. Àwọn kan ní irọ́ pípa nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ náà kì í ṣe irọ́, ọjọ́ rẹ̀ nìkan ló ti kọjá. Bákan náà ni arúgbó tó ń béèrè ìyá rẹ̀ tó ti kú tipẹ́: bí wọ́n bá tún túfọ̀ fún un lójoojúmọ́, òkú tuntun ló ń gbọ́ lójoojúmọ́. Ó sàn kí wọ́n ní kí ó sọ irú ènìyàn tí ìyá náà jẹ́.

Ohun kan wà tí sùúrù kò lè tán. Bí ọ̀rọ̀ arúgbó bá ṣàdédé dàrú láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó lè jẹ́ ibà, àìmu omi tó, àkóràn ojú ọ̀nà ìtọ̀ tàbí oògùn tó ń lò.

Abẹ́òkúta kò yẹ kó jẹ́ ìlú tí wọ́n á ti máa kọ́ èyí bí ohun àjèjì. Ní 1954, Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ ìlú náà, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àrò, níbi tí àwọn aláìsàn ọpọlọ ti ń gbé ní abúlé láàárín àwọn ará ibẹ̀, tí wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn lójúmọmọ. Ìbátan aláìsàn gbọ́dọ̀ bá a wá. Kì í ṣe nítorí ṣíṣarán ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ará ilé jẹ́ apá kan ìwòsàn. Lónìí, ará ilé a gba oògùn, a sì padà sílé láìsí ẹni tó kọ́ ọ ní bí yóò ṣe sọ̀rọ̀. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kò gbọdọ̀ fi èyí sílẹ̀ fún Àrò nìkan. Wákàtí kan lóṣù fún àwọn olùtọ́jú kò ná ìjọba ní owó gọbọi.

Àwọn kan ṣì ń sọ pé àrùn òyìnbó ni. Ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1992 ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, tí wọ́n fi wé àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n máa ń fà yọ. Lóòótọ́, èsì tó jáde ní 2001 fi hàn pé lọ́dọọdún, 1.35 nínú 100 àwọn arúgbó Ìbàdàn ni àìsàn náà ń mú, nígbà tó jẹ́ 3.24 ní Indianapolis. Ó kéré. Ṣùgbọ́n "ó kéré" kò túmọ̀ sí "kò sí", àwọn arúgbó sì ń pọ̀ sí i.

Ó ku àwọn ọmọ tó wà ní Èkó àti London, tí wọ́n ń pè lórí fóònù ní alẹ́ Sunday pé, "Màmá, ta ló ń sọ̀rọ̀?", tí wọ́n sì ń bínú sí ẹni tó wà nílé pé kò tọ́jú ìyá dáadáa. Kí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ ara wọn. Bí wọ́n bá sì ti kí ìyá tán, kí wọ́n ní kí ó gbé fóònù fún ẹni tó ń wẹ̀ fún un, kí wọ́n bi òun náà bóyá ó rí oorun sùn.