Irin ilẹ̀ Yàgbà, orúkọ Gíríìkì

Ẹ wo fóònù tó wà lọ́wọ́ yín. Ó ṣeé ṣe kí irin kan tó ń jẹ́ tantalum wà nínú rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń ṣe irú kàpásítọ̀ kan, ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú iná fún ìgbà díẹ̀. Òkúta tí wọ́n ti ń yọ ọ́, táńtáláìtì, wà nílẹ̀ wa ní Kogí, láti Ẹ̀gbẹ̀ lọ sí Ìsánlú, ní agbègbè Odò-Ẹrẹ̀. Dígà àti ṣọ́bìrì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ń wá a.

Orúkọ Gíríìkì ló ń jẹ́. Nínú ìtàn àwọn Gíríìkì, ọba tó ṣẹ àwọn òrìṣà ni Tantalus. Ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ ni pé kó máa dúró sínú omi, kí òùngbẹ sì máa gbẹ ẹ́: bó bá bẹ̀rẹ̀ láti mu ún, omi á lọ. Ní 1802, Anders Gustaf Ekeberg ní Sweden rí i pé èròjà tuntun tóun rí wà nínú ásíìdì, kò sì mu ún. Ló bá fi orúkọ Tantalus sọ ọ́. Ní 1844, Heinrich Rose ní Jámánì pe irin tó máa ń bá a gbé inú òkúta kan náà ní niobium, torí Niobe ni ọmọ Tantalus.

Wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣan líle tó wà lókè gìgísẹ̀ yín ń jẹ́ orúkọ Achilles. Nike orí bàtà, òrìṣà ìṣẹ́gun ni, kì í ṣe Adéníkẹ̀ẹ́ yín o!

Àwọn kan máa ń bínú sí èyí. Èmi ò bá wọn bínú. Ẹni tó jókòó ti òkúta, tó dán an wò, tó kọ ohun tó rí sílẹ̀, òun ló sọ ọ́ lórúkọ. Wọn ò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Lórí Io, òṣùpá Júpítà kan, ihò òkè tó ń yọ iná kan wà tó ń jẹ́ Shango Patera. Ní 2019, tí àjọ IAU ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sọ ìràwọ̀ kan lórúkọ, Nàìjíríà sọ HD 43197 ní Amadioha, òrìṣà àrá àwọn Ìgbò.

Ohun tó ń dùn mí yàtọ̀. Bí tantalum inú òkúta bá ṣe pọ̀ tó ni owó rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ẹni tó ń rà á mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹni tó ń wà á mọ̀ ọ́n? Òkúta náà tún sábà máa ń ní uranium díẹ̀ nínú, ìyẹn orúkọ Gíríìkì mìíràn, eruku rẹ̀ kò sì dáa ní fífà símú. Ta ló ń sọ fún wọn?

Iṣẹ́ kíláàsì kẹ́mísírì nìyí, kò sì le. Ẹ wọn òkúta náà lórí òṣùwọ̀n. Ẹ rì í sínú kọ́ọ̀bù omi tó ní àmì, kẹ́ ẹ wo bí omi ṣe gòkè tó. Ẹ fi iye omi pín ìwúwo. Tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5, ó lè jẹ́ niobium ló pọ̀ jù; tó bá sún mọ́ 8, tantalum ni.

Ká sọ tantalum ní irin Yàgbà lónìí, ẹni tí kò mọ ohun tó ń wà kò ní tìtorí ẹ̀ rówó tó tọ́ gbà. Ìdí nìyí tí mo fi ń fẹ́ kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì ilẹ̀ Yàgbà ní òkúta yìí, òṣùwọ̀n àti kọ́ọ̀bù kan. Orúkọ á tẹ̀lé e.